Ọkọ̀ Méjì ní Èbúté Kökar

Jesper dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún.
Ó wo ọkọ̀ méjèèjì tí mo so mọ́ afárá pákó,
ó ní, "Màmá Gunvor, èwo ló dáa jù nínú wọn?"
Mo ní kó jókòó.
Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, a kì í dá a lóhùn lórí ìdúró.

Ẹsẹ̀ méjèèjì la kì í fi wọn odò;
èmi, ọkọ̀ méjì ni mo fi wọn òkun yìí fún ọgbọ̀n ọdún.

Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ń jẹ́ Svala,
alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí.
Bí abẹ́rẹ́ ló ṣe ń rán omi mọ́ afẹ́fẹ́.
Afẹ́fẹ́ tí kò lè mi ewé, òun á ti gbọ́ ọ,
á ti na ìgbòkun, á ti lọ.
Ṣùgbọ́n kò síbi tí èèyàn ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sí:
ihò kan báyìí ni, tí o bá wọ inú rẹ̀,
orúnkún rẹ á kí àgbọ̀n rẹ.
Garawa ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Búrẹ́dì gbígbẹ ni oúnjẹ.
Gbójú kúrò lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan,
á dà ẹ́ sómi, kò sì ní bẹ̀ ẹ́.

Tyra ni èkejì. Orúkọ ìyá ọkọ mi ni,
ó sì fi ìdí jọ ọ́.
Ibùsùn mẹ́rin, sítóòfù tó ń jó kẹrosíìnì,
fèrèsé kékeré tí mo ta kọ́tìnì pupa sí
lọ́dún tí àìsàn Holger bẹ̀rẹ̀.
Afẹ́fẹ́ á kí i, á tún un kí, á fà á létí,
kó tó ronú àtidìde.
Ṣùgbọ́n tí ìgbì bá ń bínú,
tí ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò,
inú rẹ̀ ni mò ń fẹ́ wà, kí n máa bó ọ̀dùnkún.

Jesper bi mí, "Èwo nínú wọn ló gba ife ẹ̀yẹ?"
Mo rẹ́rìn-ín títí ẹyẹ òkun fi fò kúrò lórí òpó.
Eré ìje mẹ́tàdínlógún ni Svala sá, kò gba kankan.
Holger á kọ́kọ́ dé ibi àmì,
á wá yí i po gba òdì.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la forúkọ Tyra sílẹ̀, àwàdà ni;
ọjọ́ náà ni kùrukùru bo òkun lọ́sàn-án gangan.
Ọkọ̀ mọ́kànlá yí padà, méjì gun àpáta.
Àwa ń po kọfí.
A ò tilẹ̀ mọ̀ pé a ti kọjá ìlà ìparí
àfi ìgbà tí ẹnì kan fun fèrè láti inú funfun yẹn,
tó ń kígbe pé, "Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?"
Inú ife náà ni mo gbin àlùbọ́sà eléwé sí.

Ó wọn Svala. Ó wọn Tyra. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Okùn rẹ̀ ò lè wọ̀n ọ́n
pé nínú Svala, Holger a máa pariwo orúkọ mi
bíi pé mo wà ní erékùṣù kejì,
èmi tí èjìká mi kan tirẹ̀;
pé nínú Tyra, a lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìsọ̀rọ̀,
kó má sì jẹ́ ìjà.

"Svala ni mo fẹ́." Ojú rẹ̀ ń dán.
Mo ti mọ̀. Lọ́jọ́ orí yẹn, ta ló ń ra ibùsùn?
Ó ka owó, ó tú okùn, ó gbàgbé garawa,
mo jù ú sí i.

Ó ti dé ẹnu èbúté kí n tó rántí.
Mo sáré dé orí pákó tó kẹ́yìn, mo figbe ta:
"Tí afẹ́fẹ́ bá ti ìlà oòrùn wá, á máa fà sósì!
Má bá a jà! Jẹ́ kó fà díẹ̀, á padà!"
Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.
Ó juwọ́ sí mi,
ọwọ́ tó yẹ kó wà lórí ìtọ́kọ̀.